Ẹ Jẹ́ Kí Á Mọ Òkúta Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ òkúta ni mo bá wá lónìí. Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, "Òkúta kẹ̀? Ta ni kò mọ òkúta?" Lóòótọ́, ẹni tó ń gbé ní Osi tàbí Iloffa kò lè jáde nílé kó má rí i. Òun ni a fi ń lọ ata, òun ni a fi ń kọ́lé, òun ni ọkọ́ ń bá pàdé lóko. Ṣùgbọ́n rírí yàtọ̀ sí mímọ̀. Bí oníṣòwò kan bá dé lọ́la, tó ní kí ẹ ta òkúta oko yín fún òun, ṣé ẹ lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ tà? Ẹni tí kò mọ ọjà ara rẹ̀, iye tí oníbàárà bá pè ni yóò gbà.

Àwọn onímọ̀ pín òkúta ayé sí ìdílé mẹ́ta. Èkíní ni èyí tó ti yọ́ rí nínú ilẹ̀ bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, tó wá tutù, tó sì dì. Akọ òkúta tí wọ́n ń pè ní granite wà nínú wọn. Èkejì ni yanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ ní ìpele-ìpele títí wọ́n fi le. Ẹ̀kẹta ni òkúta àtijọ́ tí ooru abẹ́ ilẹ̀ àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀ yí padà, tí àwọ̀ rẹ̀ fi tò ní ìlà-ìlà bí aṣọ òfì. Gneiss ni orúkọ irú èyí.

Ní Ekiti àti Oke-Ero ti ìpínlẹ̀ Kwara, ìdílé kìíní àti ẹ̀kẹta ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú akọ òkúta ilẹ̀ Yorùbá ti dì láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìdílé kejì, kó lọ sí ìhà odò Ọya, ní Pategi àti Lafiagi. Yangí pupa wa ńkọ́? Òjò àti oòrùn ló jẹ òkúta lára títí ó fi di yangí. Irin tó dípẹtà nínú rẹ̀ ló mú un pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á wo inú òkúta wàyí. Òkúta dà bí àdàlù: bí ẹ̀wà àti àgbàdo ti wà nínú ìkòkò kan, bẹ́ẹ̀ ni oríṣi ohun àlùmọ́ọ́nì ń wà nínú òkúta kan. Ẹ mú granite tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, feldspar ni. Èyí tó dà bí àfọ́kù ìgò, quartz ni. Èyí tó ń dán, tí èékánná lè bó ní awẹ́-awẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, mica ni. Níbi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá tóbi tó ìkúùkù, ibẹ̀ ni a ti ń rí tourmaline àti tantalite nígbà mìíràn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà ní Egbe, ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti rí tánńganran àti tantalite.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Quartz lè funfun, ó lè pọ́n, ó lè dúdú bí èéfín. Ìdánwò mẹ́rin ni kí ẹ ṣe.

Èkíní ni líle. Friedrich Mohs, ọmọ Jámánì, to líle wọn láti 1 dé 10 ní ọdún 1812. Èékánná lè ha ohun tí kò ju 2 lọ, ọ̀bẹ lè ha èyí tó tó 5, ṣùgbọ́n 7 ni quartz: ọ̀bẹ kò ràn án, òun ni yóò ha ìgò. Èkejì, ẹ fi òkúta náà ha ẹ̀yìn táìlì tí kò dán, kí ẹ wo àwọ̀ ìlà tó fà. Wúrà yóò fa ìlà yẹ́lò. Pyrite tó jọ ọ́ yóò fa ìlà dúdú. Ẹ̀kẹta ni ìwúwo. Ẹ gbé òkúta méjì tó tóbi bákan náà lọ́wọ́. Tantalite yóò wúwo ju quartz lọ dáadáa. Ẹ̀kẹrin, ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìyẹ̀fun òkúta. Bí ó bá hó, ó lè jẹ́ mábù, irú èyí tó wà ní Ìgbẹ́tì.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní Esie, tí kò jìnnà sí wa, ère òkúta tó lé ní 800 wà níbẹ̀. H. G. Ramshaw ló ròyìn wọn fún ayé ní 1933, a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn ìlú sọ pé ènìyàn tó di òkúta ni wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ òkúta ọṣẹ, tó rọ̀ débi pé èékánná lè ha á. Àwọn tó gbẹ́ wọn mọ òkúta tí irinṣẹ́ wọn yóò ràn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe lọ fi èékánná dán ère wò o!

Ìkìlọ̀ kan kù. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé wọn. Wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ pa ọmọdé tí kò dín ní 400. Nítorí náà, ẹ má lọ òkúta nínú ilé, ẹ má fi ọlọ ata lọ̀ ọ́, ẹ má tọ́ ọ wò, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Àgbàlagbà ni kó máa fọ́ òkúta, kó sì bo ojú rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin 2007 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wà á fún títà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí: ẹ ṣa òkúta mẹ́fà tí kò jọra, ẹ tò wọ́n sínú páálí, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ìdánwò sọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wọn wò ó. Ọjọ́ tí oníṣòwò bá dé, ẹ ó lè bi í léèrè kí ẹ tó dá a lóhùn. Ó dàbọ̀ o.