Píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Jamestown: Ṣé ẹsẹ̀ méjì tó, àbí ẹsẹ̀ mẹ́rin ló yẹ ká san owó lé?



Ní ìdájí, kí oòrùn tó mú lórí òkun Accra, ọkọ̀ àwọn apẹja ti ń wọlé sí Jamestown. Àwọn obìnrin tó ń ra ẹja ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú agbọ̀n àti páànù. Láti ìgbà tí ẹja bá ti kúrò nínú àwọ̀n, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nìyẹn. Bí kò bá tètè rí yìnyín tàbí ààrò, owó ló ń jẹrà yẹn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kì í fi í ṣe eré níbẹ̀. Ẹni tó bá ní píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ kò ní máa bẹ awakọ̀ ẹlòmíì, ẹja rẹ̀ á sì dé ọjà kí ti ẹlòmíì tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra èyí tí kò yẹ á máa fi èrè ẹja tún ọkọ̀ ṣe títí tí owó òwò yóò fi tán.

Ìbéèrè tó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà ni èyí: ṣé èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ni, àbí èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fọ́ wíìlì?

Àdúgbò tí Yorùbá mọ̀ tipẹ́

Jamestown kì í ṣe àjèjì sí àwọn èèyàn apá ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 1673 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ odi James Fort sí etí òkun náà, ibẹ̀ sì ni àdúgbò ti gba orúkọ. Àwọn Gà tó ni ilẹ̀ ń pe apá ibẹ̀ ní Ngleshie Alata. Ngleshie ni Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti Alata, àwọn kan so ó mọ́ ìlú Allada ní ilẹ̀ Benin òde òní, àwọn mìíì sì so ó mọ́ aláta, ìyẹn ẹni tó ń ta ata. Èyí ó wù kó jẹ́, ó hàn pé àwọn tó wá láti ìlà oòrùn ti bá wọn dá àdúgbò náà sílẹ̀.

Òwò ẹja ló ń gbé ibẹ̀ ró títí dòní. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àṣà àwọn Gà kò gba kí ẹnikẹ́ni lọ pẹja lójú òkun. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ọjọ́ náà ló sì dára jù fún oníṣòwò ẹja láti lọ yẹ ọkọ̀ wò, nítorí kò sí ẹja tuntun tó ń dúró dè é.

“Kò sí ibi tí kò lè wọ̀”

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpèjúwe. Ó ń ra ẹja tútù ní etí òkun, ó ń yan án lórí ààrò, ó sì ń gbé e lọ sí ọjà. Ó ti dá àjọ fún ọdún mẹ́rin. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló máa wa ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ méjì ni owó rẹ̀ ká. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kò tíì gbó púpọ̀, ìnáwó díẹ̀ á sì kù lọ́wọ́ lẹ́yìn rírà rẹ̀. Èkejì jẹ́ fọ́ wíìlì, ó dàgbà jù ú lọ, ó ti rìn jìnnà jù ú lọ, gbogbo owó àjọ ló sì máa gbé mì.

Àbúrò ní: “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ra fọ́ wíìlì o. Kò sí ibi tí kò lè wọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n bi í pé: “Níbo la fẹ́ wọ̀?”

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ọkọ̀ nítorí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, wọ́n á wá máa san owó rẹ̀ ní ọjọ́ tó kù.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an?

Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, bíi Toyota Hilux, Nissan tàbí Mitsubishi L200, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹsẹ̀ iwájú kàn ń tẹ̀lé e, ó sì ń yà sí ibi tí awakọ̀ bá darí rẹ̀ sí.

Nínú fọ́ wíìlì, gíà kejì kan wà lẹ́yìn gíà ńlá tó ń pín agbára lọ sí iwájú. Ó tún ní dífù iwájú àti ọ̀pá méjì tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú. Àwọn irin yìí lè fi 100 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ìwúwo ọkọ̀. Ọkọ̀ ń gbé wọn kiri lójoojúmọ́, yálà wọ́n ń ṣiṣẹ́ tàbí wọn ò ṣiṣẹ́, epo ni wọ́n sì fi ń gbé wọn.

Àmì mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lára ọ̀pá tàbí bọ́tìnnì rẹ̀. 2H ni ti ojú ọ̀dà lójoojúmọ́. 4H ni ti ẹrẹ̀, iyanrìn àti ọ̀nà tó ń yọ̀. 4L ni ti ìgbà tí ọkọ̀ bá rì tàbí tó fẹ́ gun òkè tó le. Ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kò yẹ kí ẹ fi irú ọkọ̀ báyìí sí 4H lójú ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà. Lórí iyanrìn, táyà á yọ̀ díẹ̀, wàhálà á sì tán. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò ní ráyè yọ̀. Irin inú gíà ni yóò máa jẹ ìyà náà títí tí yóò fi kán.

Fọ́ wíìlì kì í dá ọkọ̀ dúró, kì í sì í wẹ odò

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra. Kò ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Gbogbo ọkọ̀ ló ń lo bíréèkì lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ni fọ́ wíìlì kò fi ní dúró yá ju ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ bí òjò bá rọ̀ sójú títì.

Ó sì yẹ ká sọ̀rọ̀ omíyalé ní gbangba, torí ó ti pa èèyàn ní Accra. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2015, ìkún omi àti iná tó ṣẹ́ yọ ní ilé epo kan gba ẹ̀mí àwọn èèyàn tó lé ní 150. Àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé omi tó ń sáré lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ bí ó bá ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, bí ó bá sì tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ó lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, títí kan píkọ́ọ̀pù. Bí omi bá ti gbé ọkọ̀ sókè, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń yí lásán kò já mọ́ nǹkan kan.

Awakọ̀ tó gbà pé “fọ́ wíìlì ni tèmi” ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú omi. Ìgboyà yẹn léwu ju ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára lọ.

Ẹ ka ìrìn àjò yín lórí ìwé

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò inú àpèjúwe wa jókòó, wọ́n kọ ìrìn oṣù kan sílẹ̀. Láti etí òkun sí ààrò. Láti ààrò sí Makola àti Agbogbloshie. Ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀, ihò àti kòtò ló kàn wà níbẹ̀, táyà tó dára àti sipíríǹgì tó le ló sì ń yanjú ìyẹn.

Ìjọba Ṣáínà náà ti fi owó ran Ghana lọ́wọ́ láti kọ́ èbúté apẹja tuntun ní Jamestown.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré lóṣù ni wọ́n ń lọ ra igi ìdáná ní abúlé, níbi tí ilẹ̀ pupa ti ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Ọ̀nà yẹn nìkan ló ń béèrè fún ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Àléébù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́ bí kò bá rù nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa yí lásán lórí iyanrìn tàbí ẹrẹ̀. Bí ẹja àti yìnyín bá wà lẹ́yìn, ìwúwo á tẹ táyà mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á sì rí ilẹ̀ dì mú. Bí ó bá jẹ́ orí iyanrìn, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀ kó lè fẹ̀, ẹ má fi eré wọ ibẹ̀, kí ẹ sì tún un fún kí ẹ tó padà sójú ọ̀dà. Ọgbọ́n yìí àti ṣọ́bìrì kan ti yọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kì í ṣe fọ́ wíìlì.

Bó bá wá jẹ́ pé ìyá tó ń kó gaàrí, iṣu tàbí èédú láti oko lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni, lọ́nà tí kò ní ọ̀dà rárá, ìṣirò yí padà. Bí ọkọ̀ bá rì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, tí ẹrù sì bàjẹ́, ohun tó sọnù ti ju owó epo fọ́ wíìlì lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó rà á.

Bí ẹ ṣe lè yẹ ọkọ̀ wò

Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UNEP, sọ lọ́dún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láàárín ọdún 2015 sí 2018, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Rere wà níbẹ̀, pàǹtí náà wà níbẹ̀. Ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

• Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Àkọlé “4x4” lára ilẹ̀kùn kò tó ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí dífù àti ọ̀pá níwájú, kì í ṣe fọ́ wíìlì. Tacoma PreRunner, fún àpẹẹrẹ, ga bíi fọ́ wíìlì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì ni.

• Ẹ dán an wò lórí iyanrìn. Ẹ fi sí 4H, kí ẹnìkan dúró síta kó wo bóyá ẹsẹ̀ iwájú ń yí fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó fi sí 4L, ẹ dá ọkọ̀ dúró ná. Èyí tí wọn kò lò fún ọdún púpọ̀ lè ti dì.

• Ẹ wo rọ́bà tó bo oríkèé àwọn ọ̀pá iwájú. Bó bá ti ya, iyanrìn ti wọlé. Bí ọkọ̀ bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tó ń yà, oríkèé náà ti jẹ.

• Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ọ́ìlì gíà àti ti dífù wò. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ inú rẹ̀.

• Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Táyà tí kò dọ́gba ń pa gíà fọ́ wíìlì díẹ̀díẹ̀.

Iyọ̀ ni ọ̀tá tó dákẹ́

Ní apá ibi tí òtútù ti ń mú ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Lọ́dún 2016, Toyota gbà láti fi owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là parí ẹjọ́ kan lórí férémù Tacoma, Tundra àti Sequoia tó ń dípẹtà, láì gbà pé òun jẹ̀bi.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gúnlẹ̀ sí Tẹ́mà pẹ̀lú ọ̀dà tuntun lára. Bó bá wá dé Jamestown, afẹ́fẹ́ òkun wà níbẹ̀, omi ẹja oníyọ̀ tún ń kán sí i lábẹ́. Ẹ fi òòlù kékeré kan férémù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè máa ń dún gan-an. Èyí tó ti jẹrà á dún bò-bò.

Lẹ́yìn rírà, kí wọ́n tẹ́ nǹkan tí omi kò lè gbà kọjá sẹ́yìn ọkọ̀, kí wọ́n sì fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Fọ́ wíìlì ní irin púpọ̀ lábẹ́ tí iyọ̀ lè jẹ.

Ìwé ọkọ̀ ńkọ́?

Ghana ń gba owó ìtanràn lórí ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 10 nígbà tó ń wọlé, nítorí náà ọkọ̀ àgbàlagbà tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lè má rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2020, ilé aṣòfin tún òfin ṣe láti dènà irú wọn. Ẹ bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì ra èyí tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún títì ni Ghana ti ń gbà láti oṣù Kẹjọ ọdún 1974, òfin kò sì gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè.

Kí ẹ tó yan orúkọ ọkọ̀, ẹ lọ sí Abossey Okai, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra, bí ti Ladipo l'Ékòó. Ẹ bèèrè iye dífù iwájú àti ọ̀pá rẹ̀. Iye yẹn ni ẹni tó ra fọ́ wíìlì ń gbé lọ́rùn.

Èwo ni wọ́n wá mú?

Nínú àpèjúwe wa, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ẹ̀gbọ́n mú. Owó tó kù, táyà tuntun mẹ́rin ni wọ́n fi rà, wọ́n sì fi ìyókù pamọ́ fún àtúnṣe. Ní ọjọ́ igi ìdáná, bí òjò bá ti rọ̀, wọ́n á háyà ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Àbúrò kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n òun náà ló ka iye ìrìn àjò sórí ìwé.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí ẹ ń rìn lójoojúmọ́ yan ọkọ̀ fún yín, kí owó àjọ ọdún mẹ́rin má baà dúró sí ọgbà mẹkáníìkì.