Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Aláwọ̀ Nínú Ọ́fíìsì Ilé: Bí A Ṣe Lè Yàn Án Kí Ó Má Baà Di Ẹrù

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ní kí á bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti ń wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, èyíinì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-lésà tí ń tẹ àwọ̀ oríṣiríṣi, tí a sì lè lò láìfi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré létí, ṣùgbọ́n owó tí ń bá a rìn kò kéré rárá.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1854 ni Àlùfáà Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, láti inú iṣẹ́ náà ni Ìwé Ìròyìn sì ti jáde ní ọdún 1859. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ni yóò tọ ẹ̀rọ lọ. Lónìí, ẹ̀rọ ni ó ń tọ ènìyàn wá sínú ilé. Chester Carlson, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fi lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ní ọdún 1938. Gary Starkweather, tí ó bá ilé iṣẹ́ Xerox ṣiṣẹ́, ni ó sì fi iná lésà kún un ní nǹkan bí ọdún 1971. Irú ẹ̀rọ wọ̀nyí tóbi, owó wọn sì ga, títí wọ́n fi kéré dé ìwọ̀n tí ó lè dúró lórí tábìlì.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú nínú èyí? Ọ̀nà méjì ni ó fi kàn wá. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú wa ni ó ti sọ yàrá kan nínú ilé wọn di ọ́fíìsì: olùkọ́ tí ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, lọ́yà tí ń tẹ ìwé ẹjọ́, ayàwòrán ilé, akọ̀wé ẹgbẹ́, àti oníṣòwò tí ń tẹ rìsíìtì. Bí wọ́n bá ń gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀dà iṣẹ́ náà lè ṣẹ́kù sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ìbéèrè ìdánwò tí ojú ti rí kí ọjọ́ tó pé kì í ṣe ìdánwò mọ́. Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́ ti tú àṣírí ẹni. Ọ̀nà kejì ni pé àwọn ọmọ wa lẹ́yìn odi a máa fi irú ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí bàbá, sí ìyá, tàbí sí àbúrò nílé. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí a kò bá sì ṣe ìwádìí kí a tó rà á, ohun tí a fi ìfẹ́ rà a di ẹrù tí a fi aṣọ bò sí igun ilé.

Ẹ jẹ́ kí á mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìnáwó rẹ̀ ti ń wá. Kì í lo yíńkì olómi. Lẹ́búlẹ́bú tí a ń pè ní tónà ni ó ń lò. Iná lésà a máa ya àwòrán ọ̀rọ̀ sí ara rólà kan tí a ń pè ní drum; tónà a lẹ̀ mọ́ ibi tí iná náà bá kàn, a sì bọ́ sórí bébà. Lẹ́yìn náà ni bébà yóò gba àárín rólà méjì kọjá níbi tí ooru ti tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí lẹ́búlẹ́bú náà lè yọ́ mọ́ ọn. Tónà mẹ́rin ni ẹ̀rọ aláwọ̀ ń lò: dúdú, àwọ̀ ojú ọ̀run, pupa àlùkò, àti àwọ̀ ìyeyè. Láti inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbogbo àwọ̀ yòókù ti ń jáde. Nítorí pé lẹ́búlẹ́bú ni, kì í gbẹ. Ẹ̀rọ lésà lè wà fún oṣù kan láìṣiṣẹ́, kí ó sì dìde tẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ olómi, bí a bá pa á tì pẹ́, ihò tín-ín-rín tí yíńkì ń gbà jáde a máa dí.

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, oúnjẹ rẹ̀ ni ó rà. Ẹni tí ó bá ra ẹṣin láìmọ ibi tí koríko yóò ti máa wá, àfi kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé àwọ̀ tilẹ̀ yẹ wá? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju lẹ́tà àti ìbéèrè ìdánwò lọ, ẹ̀rọ lésà tí ń tẹ dúdú nìkan tó o, nítorí tónà kan ṣoṣo ni yóò máa rà. Ẹni tí ó fẹ́ máa tẹ fọ́tò, ẹ̀rọ olómi ni kí ó wò. Irú olómi tí ó ní àgbá, tí a ń bu yíńkì sí láti inú ìgò, a sì máa tẹ ojú ewé aláwọ̀ ní owó tí ó dín sí ti lésà. Ẹni tí lésà aláwọ̀ yẹ ni ẹni tí ń tẹ àwòrán ilé, àtẹ ìṣirò, ìwé ìpolówó àti lẹ́tà tí ó ní àmì iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ hàn kedere, kí omi má sì tètè pa á rẹ́.

Bí a bá ti rí i pé ó yẹ wá, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Iye tí a ó lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní ẹ̀rọ kan jẹ́ ₦250,000, tí tónà dúdú rẹ̀ jẹ́ ₦60,000, tí ó sì ń tẹ ojú ewé 1,000. Ojú ewé kan di ₦60. Ẹ̀rọ kejì jẹ́ ₦400,000, tónà dúdú tirẹ̀ jẹ́ ₦75,000, ó sì ń tẹ ojú ewé 3,000. Ojú ewé kan di ₦25. Ẹni tí ń tẹ ojú ewé 500 lóṣù yóò ná ₦360,000 lọ́dún lórí tónà ẹ̀rọ àkọ́kọ́, yóò sì ná ₦150,000 lórí ti èkejì. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ₦150,000 tí ẹ̀rọ kejì fi wọ́n ju èkíní lọ ti padà sí àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tẹ̀ ju 100 lọ lóṣù yóò lò ju ọdún mẹ́ta àbọ̀ lọ kí ó tó rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ó lè ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ láìṣe àṣìṣe. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí a ti ṣírò ti dúdú yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí á ṣírò ti àwọ̀ mẹ́ta yòókù.

Níbo ni a ó ti rí iye ojú ewé tí tónà lè tẹ̀? Ó wà lára páálí rẹ̀. ISO, àjọ tí ń ṣètò òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé, ti fi ìlànà lélẹ̀ fún kíkà á; nọ́ńbà ìlànà ti tónà aláwọ̀ ni ISO/IEC 19798. Ẹ wo nọ́ńbà náà kí ẹ lè fi ẹ̀rọ kan wé èkejì. Ìwé tí àwòrán kún bámúbámú yóò jẹ tónà ju ti ìlànà náà lọ. Ẹ ránti pẹ̀lú pé tónà tí ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun wá kì í kún tó èyí tí a ó rà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi oníṣòwò léèrè bóyá drum wà lára tónà tàbí ó dá wà, nítorí òun náà a máa gbó. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà gbà láti tẹ dúdú bí àwọ̀ kan bá tán, nítorí àwọn mìíràn a máa kọ̀. Ẹ béèrè bóyá ó gba tónà ilé iṣẹ́ mìíràn, nítorí àwọn kan ń fi ohun tín-ín-rín kan sí ara tónà tí ẹ̀rọ fi ń mọ tirẹ̀ yàtọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá tónà náà dé ọjà ìlú tí ẹ ń gbé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni ó kàn. Nígbà tí rólà gbígbóná yẹn bá ń múra, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lésà aláwọ̀ a máa fa nǹkan bí 1,000 watt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ó bá sinmi kò fa ju ìwọ̀nba lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń tan gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n lè kú lójijì bí a bá so ó mọ́ ọn. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí a sì máa kìlọ̀ pé kí á má ṣe so ó mọ́ UPS tí a fi ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà. Ẹ wo iye watt tí ó ga jù lọ nínú ìwé ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fi wé agbára inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ní.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí. Iná ilé yín jẹ́ 120 volt. Ti ilé wa níhìn-ín jẹ́ 230. Ohun tí a fi ń ki kọ̀ǹpútà alágbèéká a máa gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lésà tí a ṣe fún iná Amẹ́ríkà kì í sábà gba tiwa, nítorí rólà gbígbóná yẹn. Ọjọ́ tí a bá kì í bọ iná ni ó lè jóná. Transformer tí ó lè gbé e wúwo, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ̀yin tí ń bẹ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, iná yín bá tiwa mu, púlọ́ọ̀gì yín náà sì rí bákan náà. Síbẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kan a máa pín ayé sí agbègbè, tí tónà agbègbè kan kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ agbègbè mìíràn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ̀wé sílé kí ẹ tó rà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ kí ẹni náà fi ra ẹ̀rọ nílé yóò ṣe é láǹfààní ju ẹ̀rọ tí ó ré òkun kọjá lọ.

Nípa àìní wáyà, ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé Wi-Fi kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Wi-Fi ni ìgbì tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lọ sínú ẹ̀rọ nínú ilé kan náà. Bí a bá tẹ ìwé tí ó ti wà nínú fóònù wa lọ́nà yìí, kò yẹ kí ó jẹ owó dátà. Ìgbì 2.4 GHz a máa la ògiri kọjá dé ọ̀nà jíjìn ju ìgbì 5 GHz lọ. Nínú ilé ológiri nínípọn, èyí ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò ní router nílé, kí ó wá ẹ̀rọ tí ó ní Wi-Fi Direct, tí fóònù lè bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Kí ó ní ihò wáyà USB pẹ̀lú, fún ọjọ́ tí ìgbì bá kọ̀. Ẹ béèrè bóyá ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn kan wà tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gbé e délé, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá a wá padà, kí àṣírí tí a torí rẹ̀ rà á má baà gba ojú fèrèsé jáde.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ gbé e sórí tábìlì tí ó lágbára, nítorí ọ̀pọ̀ wọn wúwo tó kìlógíráàmù 15 sí 25. Ẹ bò ó nígbà ọyẹ́ nítorí eruku, ẹ sì di bébà mọ́ inú ọ̀rá nígbà òjò, nítorí bébà tí ó ti fa omi a máa há sínú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá tàbí sítíkà tí a kò ṣe fún lésà sí i. Yóò yọ́ mọ́ rólà. Bí tónà bá dà sílẹ̀, omi tútù ni kí ẹ fi nù ún. Omi gbígbóná yóò jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹni tí yóò ra tòkunbọ̀, kí ó ní kí oníṣòwò tẹ ojú ewé tí ń sọ ipò ẹ̀rọ jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni yóò ti rí iye ìwé tí ẹ̀rọ náà ti tẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ṣe é. Kí a sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ilé kò tẹ̀ ju ìwọ̀n bébà A4 lọ. Kàlẹ́ńdà ńlá ti ẹgbẹ́ wa ṣì di ọwọ́ àwọn atẹ̀wé.

Ní àkótán, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè márùn-ún. Ṣé àwọ̀ yẹ mí? Ojú ewé mélòó ni mo ń tẹ̀ lóṣù, èló sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná mi? Ṣé tónà rẹ̀ wà nítòsí? Ṣé iná ilé mi lè gbé e? Ṣé ó lè bá fóònù mi sọ̀rọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí márààrún kí ó tó fi ọwọ́ kan àpò, kò ní kábàámọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti rà á, tí ẹ ti mọ adùn àti ìkorò rẹ̀, ẹ má ṣe fi ìmọ̀ yín pamọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kí ó sì jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.