Tẹ́tẹ́ Eré Ìdárayá àti Owó Orí Íntánẹ́ẹ̀tì


Àwọn atatẹ́tẹ́ a máa wí pé, bí a bá so bọ́ọ̀lù, tẹníìsì àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn pọ̀, èrè dájú. Ìṣirò tako wọn. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá ń yọ náírà 5 nínú 100 lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan, tí a so 5 pọ̀, ohun tí ó ń padà ní ìpíndọ́gba kò tó 78.

Bitcoin tí wọ́n fi ń ta á pàápàá kò dúró: ó fi nǹkan bí dọ́là 69,000 ní 2021 sílẹ̀, ó wálẹ̀ kọjá 17,000 ní 2022.

Súrà Al-Máídà, áyà 90, ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni kí á jìnnà sí i.