Kí Ẹ Tó Tẹ̀ka Sí Ìwé Inṣọ́ránsì
(Ọ̀rọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Iffe àti agbègbè rẹ̀)

Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ Ìjùmú. Bí ọyẹ́ bá dé, iná ọdẹ kan ṣoṣo lè jó oko kajú àti àká iṣu mọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò inṣọ́ránsì àgbẹ̀ sílẹ̀. Òfin ọdún 1993 ló sọ ilé iṣẹ́ náà di àjọ NAIC. Ètò náà dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ le díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Premium: Owó tí ẹ ń san kí wọ́n lè dúró fún yín. Kì í ṣe èésú o. Bí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ kò ní gbà á padà. Fún àwọn irúgbìn àti ẹran ọ̀sìn kan, òfin ní kí ìjọba bá àgbẹ̀ san ìdajì. Ẹ bèèrè bóyá tiyín wà níbẹ̀.

Sum insured: Iye tí ẹ pe ohun ìní yín. Ẹ má dín in kù nítorí kí premium lè kéré. Ká ní àká tó tó ₦200,000 lẹ pè ní ₦100,000. Bí iná bá jó ₦80,000 níbẹ̀, wọ́n lè ní ìdajì péré lẹ sanwó lé lórí, kí wọ́n fún yín ní ₦40,000.

Excess: Apá tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbé nínú àdánù. Bí ìwé bá ní kí ẹ gbé 10% nínú ₦40,000 yẹn, ₦36,000 ló máa kàn yín lọ́wọ́.

Exclusion: Ohun tí wọn kò ní sanwó lé lórí. Bí iná nìkan bá wà nínú ìwé yín, ẹ má retí owó bí màlúù bá jẹ oko.

Claim: Owó tí ẹ béèrè nígbà tí àdánù bá dé. Ẹ tètè sọ fún wọn, torí ìwé máa ń dá iye ọjọ́. Ẹ má palẹ̀ oko tó jó mọ́ kí ẹni tí wọ́n rán tó wò ó. Ẹ pa risíìtì mọ́ dáadáa.

Inṣọ́ránsì kì í pa iná o! Ẹ ṣì ro etí oko yín ká kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó pe ọmọ rẹ̀ kó kà á sí i létí, kó tó tẹ̀ka.

Oko á gbè wá.