Ẹ̀wù Òjò fún Ọdẹ Orí Òkè

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù òjò ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹnìkan lè bi wá pé, "Òkè wo ló wà ní Akówọ́njọ tí a ó fi máa sọ̀rọ̀ ọdẹ orí òkè?" Kò sí. Láti ibí dé Ẹ̀gbẹ́dá, títí dé Ìkọ̀tún, ilé ló kún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ló ti Ìdànrè, Èkìtì àti Òkè-Ògùn wá. Bí ọdún bá dé, a ń lọ sílé, a sì ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n wa gun òkè lọ dẹ̀gbẹ́. Àwa ará Èkó yìí náà ni wọ́n sì ń rán pé kí á bá wọn ra ẹ̀wù òjò bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú Ìdànrè. Kí ó tó di 1933, orí òkè ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé. Àtẹ̀gùn tí à ń gùn débẹ̀ lónìí ju 600 lọ. Àwọn òkè náà ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Bí a bá ti gòkè tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ooru afẹ́fẹ́ máa ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 2. Ẹ wá fi òjò kún un, kí ẹ fi ìjì kún un, kí aṣọ sì tutù mọ́ni lára. Òtútù yẹn kì í ṣe eré.

Ara ènìyàn ní ooru tirẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 37. Bí ó bá wálẹ̀ kọjá 35, ewu dé. Ara á máa gbọ̀n, ahọ́n á wúwo, ọwọ́ á kú, iyè á ra. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, a máa ń rí ọmọ tí òjò pa wá sí kíláàsì, tí kò lè di kálámù mú. Ẹ wáá wo àgbàlagbà tí ó di ìbọn mú lórí àpáta tó ń yọ̀! Ènìyàn lè kú sí i, ní ilẹ̀ olóoru tiwa yìí náà.

Àwọn kan á ní, "Ògógóró ni oògùn òtútù." Irọ́ ni o. Ọtí máa ń fa ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá sí awọ ara. A ó rò pé ara wa ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ooru inú ń jáde lọ. Aṣọ gbígbẹ kan tí a dì sínú ọ̀rá, tí a fi sínú àpò ọdẹ, ó sàn ju ìgò ọtí mẹ́ta lọ.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti akẹtẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi ń bo orí. Ní 1823, Charles Macintosh, ará Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí aṣọ tí a fi rọ́bà sí láàárín aṣọ méjì kí omi má lè gbà á kọjá. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ẹ̀wù òjò ti kún ọjà. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ dé ọjà, oníṣòwò na ẹ̀wù sí yín: "Bàbá, òjò ò lè wọ eléyìí láéláé!" Ẹ má bá a jà. Ẹ yí ọrùn ẹ̀wù náà padà, kí ẹ wo inú rẹ̀. Aṣọ péńpé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí. Bí ẹ bá rí C-O-T-T-O-N, òwú ni. Òwú dára fún òde, ṣùgbọ́n bí ó bá mu omi tán, kì í tètè gbẹ, ó sì ń fa ooru kúrò lára. Bí ẹ bá rí WATERPROOF, wọ́n ń sọ pé omi kò ní í wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ WATER RESISTANT tàbí WATER REPELLENT, ẹ fura: ti òjò winniwinni nìyẹn, kì í ṣe ti òjò oṣù kẹfà. WATER ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Ẹni tí ó ka WATER, tí ó sì sanwó lójú ẹsẹ̀, ó ti kánjú jù. Ẹ kà á dé òpin.

Ìwé náà lè purọ́, nítorí náà ẹ wo ojú rírán. Ihò abẹ́rẹ́ ni omi ń bá wọlé. Èyí tó dára, wọ́n á ti lẹ nǹkan bò ó láti inú. Ẹ fi ọwọ́ ra aṣọ náà létí yín pẹ̀lú. Bí ó bá ń dún ṣaràṣarà, ẹran á gbọ́ yín kí ẹ tó rí i.

Èyí tí wọ́n kọ PVC sí, ike ni. Kò wọ́n, òjò kò sì wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òógùn kò rí ọ̀nà jáde. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ gun òkè, òógùn ara rẹ̀ ni yóò rẹ ẹ́ bí òjò. Ẹ ká a sí èjìká nígbà tí ẹ bá ń gùn. Ìgbà tí òjò bá dé ni kí ẹ wọ̀ ọ́. Kí ó fẹ̀ tó láti bo ìbọn àti àdó ẹ̀tù. Ẹ̀tù tó tutù kì í gbiná, gbogbo ẹni tó ń yin ṣakabùlà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Ọdẹ fẹ́ràn àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n nínú òjò àti ìkùukùu, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ yín lè rò pé ẹran ni yín. Ẹ rán aṣọ pupa kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù àti fìlà. Àgbọ̀nrín àti etu kì í rí pupa bí àwa ṣe ń rí i. Ènìyàn ló ń rí i. Ní òru, pupa kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ yáa fẹnu kò sórí ibi tí olúkúlùkù yóò wà kí ẹ tó pínyà.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù òjò kò lè dá àrá dúró. Bí ó bá ti ń sán, ẹ sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí àpáta, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí olúkúlùkù mú aṣọ kan wá láti ilé, èyí tó ní ìwé ní ọrùn. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀wù òjò, kí ó mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wá. A ó jọ kà wọ́n.