Ètò Oúnjẹ Ìdínsanra: Èwo Ló Bá Yín Mu?
Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwa tí a ń ná ọjà Oliha ní ìlú Benin

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ètò oúnjẹ tí àwọn èèyàn fi ń dín ara sísan kù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ọjà Oliha ní ọ̀nà Siluko ni mo sì ti ń ra èlò ọbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí nílé ìwòsàn àti ohun tí mo ń rí lọ́jà ni màá fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Púpọ̀ nínú wa ló ń ṣòwò ní ìjókòó. Láti àárọ̀ tí a bá ti pàtẹ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí la wà. Bí a bá palẹ̀ ọjà mọ́, bọ́ọ̀sì tàbí kẹ̀kẹ́ ló ń gbé wa délé, alẹ́ la sì tó ń rí àyè jẹun yó. Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá sanra, a ó ní owó ti dé sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó bá kó jọ sí ikùn kì í ṣe àmì ọrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn àti orúnkún dídùn ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ẹni tí àwọn àìsàn wọ̀nyí bá mú, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á máa wà ní títì, owó ọjà á sì di owó oògùn.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti sanra jù, kó fi gíga rẹ̀ ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kó wá fi èyí tó bá rí pín ìwọ̀n ara rẹ̀ ní kílò. Obìnrin tó wọn kílò 90, tó sì ga ní mítà 1.60, yóò rí 35. Láti 18.5 sí 24.9 ló dára. Láti 25, ara ti ń sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 30 sókè ni àwọn dókítà ń pè ní ìsanrajù. Bí ìṣirò bá sú yín, ẹ mú téèpù télọ̀, kí ẹ fi yí ikùn yín po. Obìnrin tó bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, àti ọkùnrin tó bá kọjá 94, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra.

Ohun ayọ̀ ibẹ̀ ni pé kò dìgbà tí èèyàn bá di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kí ara rẹ̀ tó yá. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 3,234 tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè, àmọ́ tí kò tíì di àìsàn. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn gbìyànjú láti dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 rìn kánmọ́kánmọ́ lọ́sẹ̀. Láàrin àwọn wọ̀nyí, iye àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà mú fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Fún obìnrin oníkílò 90 tí mo mẹ́nu kàn, kílò 6 lé díẹ̀ péré ni ìdá 7 yẹn.

Ọ̀nà wo wá la fẹ́ gbà? Ibẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí. Olúkúlùkù ló ń polówó tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kọjá láàrin ọjà Oliha, ká wo ohun tí wọ́n máa rà.

ÀWỌN ÈTÒ TÓ GBAJÚMỌ̀

1. Ètò tó ń sá fún gaàrí, iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ṣúgà. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1863, ọ̀gbẹ́ni William Banting, tó ń ṣe iṣẹ́ ìsìnkú ní London, tẹ ìwé pélébé kan jáde nípa bí òun ṣe fi búrẹ́dì, ṣúgà, bíà àti ọ̀dùnkún sílẹ̀ tí ara òun sì fúyẹ́. Robert Atkins, dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà, sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú ìwé tó gbé jáde ní 1972. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kẹ́tò tún le ju ìyẹn lọ; nítorí àrùn wárápá ni àwọn dókítà ṣe gbé e kalẹ̀ ní 1921. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ètò yìí, bó bá dé Oliha, á kọjá lára gaàrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí kò rí wọn. Ìdí ẹyin, ẹja, ẹran, ìgbín, ewúro àti ugu ló máa dúró sí. Ara máa ń tètè fúyẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ nínú ohun tó lọ. Ẹran àti ẹja máa ń pa ebi dáadáa, ìyẹn dára. Ìṣòro rẹ̀ ni owó, àti pé ó ṣòro nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń jẹ ẹ̀bà.

2. Ètò tó ń sá fún ọ̀rá. Kálórì la fi ń wọn agbára inú oúnjẹ. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, nígbà tí gíráàmù gaàrí tàbí ti ẹran tí kò lọ́ràá kò ju nǹkan bí 4 lọ. Dókítà Dean Ornish ni orúkọ rẹ̀ ń ròkè jù nídìí ètò yìí. Ẹ̀wà, èso, ẹ̀fọ́ àti iṣu díẹ̀ ni ẹni tó bá ń ṣe é máa rà. Á yẹra fún epo, òróró àti ẹ̀gúsí. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo pupa ní tó kálórì 120, ẹ sì mọ iye ṣíbí tí à ń dà sínú ìkòkò. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ ọbẹ̀ tí kò lépo rárá kì í pẹ́ sú ẹnu, àwọn mìíràn á sì fi òkèlè rọ́pò epo tí wọn ò jẹ.

3. Ètò tí kì í ka nǹkan léèwọ̀, àmọ́ tó ń mọ ìwọ̀n. Irú èyí ni oúnjẹ àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà, àti DASH, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997 nítorí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀fọ́ púpọ̀, èso, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀pà ìwọ̀nba, iyọ̀ àti mágí díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ òòjọ́ má kọjá gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, mágí sì wà lára rẹ̀. Gbogbo èyí ló wà ní Oliha, kò sí ọ̀kan tí a ní láti retí láti òkè òkun. Kì í dín ara kù kíákíá, bí èèyàn ò bá sì dín òkèlè kù, ó lè máà dín in kù rárá.

4. Ètò wákàtí, tó jọ ààwẹ̀. Ẹlòmíì máa ń jẹun láàrin wákàtí 8 péré lóòjọ́. Àwa tí a ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tàbí Ràmàdáánì mọ̀ pé a lè ṣe é; ìṣínu ló ń bà á jẹ́. Ní 2022, ìwádìí kan ní Ṣáínà lórí èèyàn 139 fi hàn lẹ́yìn oṣù 12 pé kò sí ìyàtọ̀ gidi láàrin àwọn tó dín oúnjẹ kù tí wọ́n tún ń ṣọ́ wákàtí, àti àwọn tó kàn dín oúnjẹ kù.

5. Ètò ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́. Jean Nidetch bẹ̀rẹ̀ Weight Watchers ní New York ní 1963. Wọ́n ń ka ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń pàdé láti wọn ara wọn. Ó jọ àjọ tí à ń dá lọ́jà: ẹni tó mọ̀ pé alájọ ń bọ̀ kò ní náwó náà tán.

Ní ti tíì tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn fọn, èmi ò kà á mọ́ ètò oúnjẹ. Púpọ̀ nínú wọn ní ewé sẹ́nà nínú, tó ń ṣu èèyàn. Omi àti ìgbẹ́ ló ń lọ, ọ̀rá wà níbi tó wà.

ÈWO LÓ BORÍ?

Àwọn onímọ̀ ti fi wọ́n wéra. Ní Boston, ìwádìí tó jáde ní 2005 pín èèyàn 160 sí ètò mẹ́rin, ti Atkins àti ti Ornish wà níbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó gba ti Atkins àti ti Ornish ló pa á tì kí ọdún tó yí po. Àwọn tó dúró ti ètò wọn ni ara wọn dín kù jù, irú ètò yòówù kó jẹ́. Ní 2009, òmíràn jáde lórí èèyàn 811 tí wọ́n fi ọdún 2 tẹ̀ lé. Ètò mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí, ìwọ̀n tí gbogbo wọn fi jò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 2018, wọ́n fi èèyàn 609 wo ètò tó ń sá fún ọ̀rá àti èyí tó ń sá fún oúnjẹ bíi búrẹ́dì àti ìrẹsì. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ti ọ̀rá dín kù ní kílò 5.3, àwọn yòókù ní kílò 6.0. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ètò tó dára jù fún yín ni èyí tí ẹ lè máa bá lọ lẹ́yìn ọdún 2, tí kò sì ní da àìsàn tí ẹ ti ní rú.

BÍ Ẹ ṢE LÈ YAN

Kí ẹ tó dáwọ́ lé èyíkéyìí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún. Ṣé owó tí mo ń mú lọ sọ́jà ká a? Ṣé mo lè jẹ ẹ́ láti inú ìkòkò tí àwọn ará ilé mi ń jẹ? Ṣé ó bá wákàtí iṣẹ́ mi mu? Ṣé mo lè dúró tì í nígbà ìnáwó àti ọdún? Kí ni dókítà mi sọ sí i? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ìbéèrè karùn-ún yẹn lágbára. Mo tọ́jú ìyá kan rí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ó rí ìwé ètò oúnjẹ kan gbà, ó fi gaàrí àti iṣu sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àmọ́ kò dín oògùn rẹ̀ kù. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, ó làágùn, ó gbọ̀n, ó sì ṣubú sídìí ìsọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà, ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ má dá bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn amọṣẹ́dunjú nípa oúnjẹ wà ní UBTH níbí; ẹ lọ bá wọn.

OHUN TÍ Ẹ LÈ BẸ̀RẸ̀ LỌ́SẸ̀ YÌÍ

Bí ẹ bá bi mí léèrè, ètò kẹta ni màá gba ọ̀pọ̀ wa níyànjú láti mú, ká fi agbára ìkarùn-ún kún un. Ẹ fi ojú pín àwo sí mẹ́rin: kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí òkèlè gba ìdá kan, kí ẹja, ẹ̀wà tàbí ẹyin gba ìdá tó kù. Ẹ̀bà, iyán tàbí usi àwọn ará ibí, kó má ju ìkúùkù yín lọ. Ẹ fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ṣúgà inú ìgò kan lè tó ṣíbí tíì 10. Ẹ fi ṣíbí wọn epo kí ẹ tó dà á. Ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú jù, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú ilé. Kílò kan tàbí ìdajì rẹ̀ lọ́sẹ̀ ti tó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Mo sì bẹ ẹgbẹ́ wa ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká ra ìwọ̀n kan àti téèpù kan sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Kí ẹni tó bá fẹ́ máa wọn ara rẹ̀ lóṣooṣù, kó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Iye rẹ̀ kò tó owó tí a ń ná sórí ìsìnkú ọmọ ẹgbẹ́ kan.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi ara líle jẹ èrè iṣẹ́ wa.