Ọwọ́ Ta Ni Ọmọ Yín Wà?

  

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti wà nídìí ààrò tí ẹ ń se ohun tí a ó fi ṣínu, ọ̀rọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí tí yóò fi tó ọmọ ọdún 6.

Nígbà tí wọ́n bí àwa, nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ, òun náà ló ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn aláfáà á pé, wọn á sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá á pọ̀n ọ́n lọ sídìí ìkòkò aró ní Ìtòkú, tàbí lọ sọ́jà Lafẹ́nwá, ẹ̀yìn ìyá ni yóò sì ti sùn tí yóò ti jí. Láàárọ̀ wọn á kì í ní oríkì. Bó bá gbọ́n díẹ̀, ó di ilé kéwú pẹ̀lú wàláà lábẹ́ abíyá: alífù, báà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká pọ́n àtijọ́ lé jù. Wọ́n ń rọ ọmọ lágbo nípá, omi ń gba ọ̀nà ibòmíràn lọ, ọmọ ń kú. Àwọn olùkọ́ kéwú kan sì wà tí pàṣán wọn yá ju ẹnu wọn lọ.

Nígbà tó di January 17, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹ̀gbọ́n tó ń bá ìyá pọn àbúrò, òun náà ti lọ sílé ìwé. Lẹ́yìn náà ìyá fúnra rẹ̀ di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ta ló wá kù tí yóò gbé ọmọ?

Àwọn òbí kan ti bá ìbéèrè yìí pàdé ṣáájú wa, ní Ìlú Ọba. Láti nǹkan bí ọdún 1955 títí kọjá 1970, àwọn ọ̀dọ́ wa ń rọ́ lọ sí London láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ìṣirò owó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Tọkọtaya á kàwé lọ́sàn-án, wọn á ṣiṣẹ́ lóru, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, onílé míì kò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Bí wọ́n bá wá bímọ ńkọ́? Wọn á polówó nínú ìwé kan tó ń jẹ́ Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Ìyá òyìnbó kan ní Kent tàbí Essex á gbà á, àwọn á máa fowó ránṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Ẹ má pe àwọn òbí yẹn ní ìkà. Nílé, bá-mi-tọ́-ọmọ kì í ṣe èèwọ̀. Ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ní Kútọ̀. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mọ oríkì ọmọ, gbogbo àdúgbò sì ń yọjú wò ó. Ta ló ń yọjú ní Essex? Àwọn ọmọ kan rí ìfẹ́ níbẹ̀, òótọ́ ni. Àwọn míì kò rí i. Òṣèré tí ayé mọ̀, Adéwálé Akínnuoyè-Agbájé, tí wọ́n bí ní 1967, ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury, Essex. Ó dàgbà débi pé ó bá àwọn ọmọ ìta aláwọ̀ funfun tó kórìíra èèyàn dúdú ṣẹgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn náà ṣe fíìmù ní 2018, ó pè é ní Farming. Àwọn òbí míì sì padà wá gba ọmọ, ọmọ ń sunkún tẹ̀lé òyìnbó, kò gbọ́ Yorùbá kan.

Ní Romania, nígbà tí ìjọba Ceaușescu wó ní December 1989, ayé rí inú àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí wọn. Ibùsùn wà, oúnjẹ ń dé, ṣùgbọ́n olùtọ́jú kan ló wà fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọmọ á ké títí, kò ní ké mọ́, torí kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Láti ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí lórí 136 nínú wọn ní Bucharest. Wọ́n kó ìdajì lọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé. Àwọn tó délé kí wọ́n tó pé ọdún 2 ló jèrè jù.

Ọdún 2, ẹ gbọ́ o. Nínú Súrátul Baqarah, āyah 233, ọdún 2 gbáko ni Ọlọ́hun kà fún ìyá tó bá fẹ́ kí ọmú ọmọ pé. Ó fi oúnjẹ àti aṣọ ìyá sọ́rùn bàbá. Bí wọ́n bá fẹ́ já a lẹ́nu ọmú ṣáájú, kí àwọn méjèèjì jọ forí korí. Ó yọ̀ǹda kí ẹlòmíì fún un lọ́mú, bí ẹ bá san ẹ̀tọ́ rẹ̀ dáadáa. Ànábì wa pàápàá, ọwọ́ Halīmah ará Banū Sa'd ló wà ní kékeré.

Òfin iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ 12, 6 ṣáájú ìbí, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ní Sweden, ọjọ́ 480 ni bàbá àti ìyá jọ ń pín. A ò tíì débẹ̀. Nítorí náà jẹ́lé-ó-sinmi ti di dandan fún ọ̀pọ̀ ilé, n kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn kò retí yín. Ẹ ka iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ obìnrin kan. Ẹ wò ó bóyá ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, àbí tẹlifíṣọ̀n ló ń bá wọn sọ ọ́. Ẹ má yọ owó rẹ̀ jẹ. Bí ìyá yín bá wà láyé, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó gbọ́ oríkì rẹ̀. Òyìnbó tí ẹ ń bẹ̀rù pé kò ní gbọ́, ilé ìwé á kọ́ ọ.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Al-Aqra' bin Hābis rí Ànábì tó fẹnu ko Hasan ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó ní òun bí 10, òun kò fẹnu ko ọ̀kankan rí. Ànábì dá a lóhùn pé ẹni tí kò ṣàánú, a ò ní ṣàánú rẹ̀. Òun náà ló ń gbé Umāmah ọmọ ọmọ rẹ̀ kírun, òun ló sì ń gé ìrun kúrú bó bá gbọ́ igbe ọmọ, torí ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn.

Àsìkò ìṣínu ti kù dẹ̀dẹ̀. Bàbá tó bá wà nílé báyìí, kó gba ọmọ lẹ́yìn ìyá tó ń dáná yẹn.